Orlando Martins, ọmọ Èkó tó ti wà lójú sinimá kí Ògúndé tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀

Tí àwa Yorùbá bá jókòó tí à ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbà òṣèré wa, ibi kan náà la máa ń ti bẹ̀rẹ̀: Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Moses Ọláìyá Bàbá Sàlá, Adé Love. Èmi náà kò ní fọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti wà ṣáájú wọn. Ní 1926, nígbà tí Ògúndé ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 10, ọmọ Èkó kan ti ń ṣe fíìmù ní London. Orlando Martins lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí sinimá kò tíì lóhùn ló ti wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí àwa fúnra wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù nílé. Ó bá àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ ṣeré, ó padà wálé, Èkó náà ló kú sí ní 1985. Síbẹ̀, bí mo bá dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí fíìmù Yorùbá wọ̀ lára, "Ta nìyẹn?" ni mo máa ń gbọ́. Ó ń dùn mí gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni wọ́n bí i, ní Òkè Sùná, ní Erékùṣù Èkó. Ìdílé bàbá rẹ̀ tan mọ́ Brazil. Ẹni tó bá mọ Èkó dáadáa á ti mọ irú ilé tó ti jáde: ilé àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun, tí wọ́n tún wá ọ̀nà padà wálé, tí wọ́n ń jẹ́ Pereira, da Silva àti Martins níta, tí wọ́n sì ń jẹ́ Ìdòwú àti Àìná nínú ilé. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù òkun. Òkun ni ìtàn wọn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, nínú gbọ̀ngàn Glover Memorial. Orlando kò tíì pé ọmọ ọdún 4 nígbà náà, mi ò sì sọ pé wọ́n gbé e lọ wò ó. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé òun àti sinimá jọ dàgbà nínú ìlú kan náà ni. Kó tó di pé ó kúrò ní Èkó, àwòrán tó ń rìn lára ògiri kì í ṣe ohun ìyanu mọ́.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Eko Boys High School ní 1913, kò sì parí rẹ̀ tó fi jáde. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ pé ó gbé e kúrò nílé ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà: àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń ṣàkóso Cameroon nígbà náà mú màmá náà, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọmọ bá gbọ̀nà Ìlú Ọba lọ, ó ní òun fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, òun fẹ́ gbẹ̀san. Iṣẹ́ tó bá pàdé yàtọ̀ sí èyí tó ń rò. Wọ́n fi í sísàlẹ̀ ọkọ̀ Mauretania, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú sínú iná.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi iṣẹ́ yẹn, torí ó jọ pé àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń sáré kọjá ibẹ̀. Mauretania wà lára àwọn ọkọ̀ tó tóbi jù lọ láyé nígbà náà. Ojú ààrò 192 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ èèyàn ni wọ́n sì fi ń bọ́ gbogbo wọn, tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn kì í rí òkun. Iná ló ń rí, àti eruku èédú, àti ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kó ọmọ ogun lákòókò ogun, ó sì tún di ilé ìwòsàn orí omi fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Nígbà tí mo bá ń wo Orlando nínú fíìmù tó ṣe ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, tí mo rí èjìká rẹ̀ àti bó ṣe máa ń dúró láì yẹ̀, èédú yẹn ni mo máa ń rò. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀, kò sí olùkọ́ eré tó lè kọ́ni.

Ogun parí, ó fìdí kalẹ̀ sí London ní 1919. Ọdún burúkú ni fún ẹni tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n ń lé àwọn atukọ̀ dúdú kiri ní Liverpool, ní Cardiff àti ní London, tí wọ́n ń lù wọ́n, tí wọ́n ń fọ́ ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Kò sí iṣẹ́. Orlando ṣe ohunkóhun tó bá sáà ti wà. Ó ṣọ́ ilé lóru. Ó fi ejò ṣeré níbi ìran tí wọ́n ń gbé kiri. Ó ja ìjàkadì, wọ́n sì fún un ní orúkọ ìjà tí mi ò fẹ́ràn rárá, "Black Butcher Johnson", bí ẹni pé apàyàn ni. Ní 1920 ó dúró lẹ́yìn àwọn oníjó ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí Diaghilev ń darí, nítorí wọ́n nílò èèyàn dúdú gíga tí yóò kún orí ìtàgé. Ó tún bá àwọn tó ń ṣe eré olórin Show Boat kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí Ọlọ́run fún un ní ohùn tó rinlẹ̀.

Sinimá ti wọ̀ ọ́ láàárín gbogbo èyí. Fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú rẹ̀ ni If Youth But Knew, ti 1926. Fíìmù aláìlóhùn ni, wọ́n sì kàn fi í kún èrò ni. Nígbà yẹn, aláwọ̀ dúdú nínú fíìmù Gẹ̀ẹ́sì dà bí àga tàbí ìkòkò òdòdó: wọ́n gbé e síbẹ̀ kí ojú lè mọ̀ pé ibi tó jìnnà ni ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀. Ó fara dà á. Láàárín ọdún mẹ́wàá, sinimá ti lóhùn, ohùn tirẹ̀ sì wà nílẹ̀ tó ń dúró.

Sanders of the River dé ní 1935. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa fíìmù yìí: ó le fún mi láti wò ó tán. Zoltan Korda ló darí rẹ̀. Wọ́n lọ ya ijó àti odò ní ilẹ̀ Áfíríkà, lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ abúlé kan sí ẹ̀gbẹ́ London, wọ́n kó àwọn èèyàn dúdú tó ń gbé Ìlú Ọba sínú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ṣe bí ará Nàìjíríà. Jomo Kenyatta, tó di ààrẹ Kenya lẹ́yìn ìgbà náà, wà láàárín wọn. Paul Robeson, akọrin àti òṣèré dúdú láti Amẹ́ríkà, ni òṣèré ńlá inú rẹ̀. Orlando wà níbẹ̀ pẹ̀lú ipa kékeré. Ohun tí fíìmù náà ń sọ kò ju pé òyìnbó kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń kó ilẹ̀ wa jọ, bó bá sì yí ẹ̀yìn padà, a ó pa ara wa tán. Nígbà tí Robeson rí ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó kọ̀ ọ́ ní gbangba, ó ní òun kò lọ́wọ́ sí i mọ́.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí Orlando kò kọ̀ ọ́ bíi ti Robeson. Èmi kì í fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Gbogbo àgbáyé ló mọ Robeson; bó bá kọ iṣẹ́ kan, àwọn iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é. Èyí tó jẹ́ tiwa yìí, iṣẹ́ ọ̀dẹ òru ni yóò padà sí. Mo tún gbà pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní fagi lé ipa náà, ẹlòmíràn tí kò tó o ni wọn yóò gbé e fún.

Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, òun àti Robeson jọ wà lórí ìtàgé Westminster ní London, nínú eré tí C.L.R. James, ọmọ Trinidad, kọ nípa Toussaint L'Ouverture, aṣáájú àwọn ẹrú Haiti tó jà fún òmìnira. Robeson ni Toussaint. Orlando ni Boukman, bàbá tó pe àwọn ẹrú Haiti jọ lóru ní 1791 kí wọ́n tó dìde sí àwọn tó ń fi wọ́n ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi ṣe eré náà. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, a kò lè wò ó mọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe láyé, èyí ni ì bá wù mí jù láti rí. Ọmọ Àgùdà láti Èkó, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ rí ìdè lẹ́sẹ̀, ló dúró síwájú àwọn òyìnbó London gẹ́gẹ́ bí ẹrú tó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ipa Magole nínú Men of Two Worlds, tó jáde ní 1946, ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ará Ìlú Ọba ń dárúkọ. Thorold Dickinson ló darí rẹ̀. Ìtàn náà dá lórí Kisenga, ọmọ Tanganyika (Tanzania òde òní) kan tó ń tẹ dùùrù ní London, tó padà sílé láti ran ìjọba lọ́wọ́ kí wọ́n lè kó abúlé rẹ̀ kúrò níbi tí àìsàn oorun ti ń pa wọ́n. Robert Adams, ọmọ Guyana, ló ṣe Kisenga. Magole ni oníṣègùn abúlé tó ní àwọn kò ní lọ. Kí wọ́n tó parí fíìmù náà ni ẹgbẹ́ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà nídìí rẹ̀, ti fẹ̀hónú hàn lórí ìtàn rẹ̀. Wọ́n ní ó fi àwa hàn bí òmùgọ̀ tí adáhunṣe kan lè máa darí bó ṣe wù ú. Mo wà lẹ́yìn WASU lórí èyí. Wọ́n kọ Magole bí ẹni ibi, kò sí àní-àní.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Orlando fi í ṣe. Kì í pariwo. Kì í yí ojú sókè bí àwọn tó ń ṣe babaláwo nínú fíìmù òyìnbó. Ṣe ló fara balẹ̀ bí àgbà tó ti gbọ́ ẹjọ́ púpọ̀ láyé. Ó mọ̀ pé ìbẹ̀rù tó wà nínú ọkàn Kisenga ni ohun ìjà òun, òun kò sì nílò ìkankan mìíràn. Kisenga ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣàlàyé, ó ń bínú. Magole ń wò ó. Ẹni tó ti kàwé ní London ló wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìwé tí wọ́n kọ fẹ́ kí a kórìíra oníṣègùn yìí. Bí mo bá ń wò ó, ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀, mo sì máa ń rò ó pé bàbá yìí mọ ohun kan tí ẹni tó kọ ìtàn náà kò mọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dé látàárọ̀ ni The Hasty Heart, ti 1949. Orlando ti kó ipa yìí lórí ìtàgé ní London kó tó di fíìmù. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Burma ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn aláìsàn inú yàrá náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ará Australia, ará New Zealand, ará Ìlú Ọba, àti ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n ń pè ní Blossom. Ronald Reagan, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, ló ṣe ará Amẹ́ríkà yẹn. Orlando ni Blossom. Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n kọ fún un.

Wọ́n wá gbé ọmọ Scotland kan wọlé, Lachie, alágídí tí kì í gba oore lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ kú. Àwọn yòókù mọ̀, wọ́n ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fà á mọ́ra. Ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àṣírí ikú náà tú sí i lọ́wọ́, ó gbà pé àánú lásán ni gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún òun, ó sì yí ẹ̀yìn sí wọn. Ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Blossom mú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan tọ̀ ọ́ wá. Lachie jù ú sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan nínú wọn fi ìbínú sọ fún un pé Blossom kò gbọ́ èdè wọn, kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé Lachie ń kú lọ. Ẹni yìí kò ṣàánú rẹ. Ó kàn fẹ́ràn rẹ ni.

Gbogbo fíìmù náà so rọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Bí Blossom bá ti ṣe àṣejù láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá ti rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ìránṣẹ́ tó fẹ́ tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, a kò ní gbà á gbọ́ nígbà tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ dé. Orlando mọ èyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń wo àwọn yòókù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kíyè sí ara ilé rẹ̀: ó ń mọ ẹni tó ń bínú, ẹni tó ń purọ́, ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì rí òṣèré tó fi hàn mí tó èyí. Richard Todd tó ṣe Lachie ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Oscar, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ ẹni tí wọn kò fún ní ọ̀rọ̀ sọ ló gbé ìparí ìtàn náà sórí.

Ohun tó tẹ̀ lé e, mi ò ní fi pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ipa kan náà ni wọ́n ń fún un ní orúkọ oríṣiríṣi. Where No Vultures Fly, 1951. Simba, 1955, lórí ogun Mau Mau ní Kenya. The Nun's Story, 1959, pẹ̀lú Audrey Hepburn. Sammy Going South, 1963, pẹ̀lú Edward G. Robinson. Mister Moses, 1965, pẹ̀lú Robert Mitchum. Olórí abúlé, ìránṣẹ́ olóòótọ́, baálẹ̀. Wọ́n ní kó ṣe ará Kenya lónìí, kó ṣe ará Congo lọ́la, bí ẹni pé ilẹ̀ Áfíríkà kò ju àdúgbò kan lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ bí ogójì ọdún, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ìtàn náà ṣì ń lọ. Èyí ni mo rí bí ìwà ìkà, kì í ṣe pé ipa kéré. Wọ́n ti rí ohun tí ọkùnrin yìí lè ṣe nínú The Hasty Heart, wọ́n sì padà lọ gbé aṣọ baálẹ̀ wá fún un.

Ó ti kó padà sí Èkó ní 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira. Láti Èkó ló ti ń lọ ṣe àwọn fíìmù ìkẹyìn yẹn. Nígbà tó sì di 1970, iṣẹ́ wá bá a nílé. Francis Ọládélé gbé Kongi's Harvest jáde láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Ossie Davis, òṣèré dúdú láti Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi. Orlando wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi Dókítà Gbénga. Mo mọ̀ pé Ṣóyínká kò dunnú sí bí fíìmù náà ṣe rí nígbẹ̀yìn. Kò dín ayọ̀ mi kù. Ẹni ọdún 70 ni Orlando nígbà náà, ó sì wà nínú ìtàn tí ọmọ Yorùbá kọ, lórí ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹni tó kàwé ti ń jẹ́ Gbénga tí kì í sì í ṣe ohun ìyanu fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe Obierika nínú fíìmù tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé Chinua Achebe. Obierika ni ẹni tó máa ń dúró rò ó wò kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó yan Orlando fún un mọ ohun tó ń ṣe.

Ní 1976 ni Àjàní Ògún jáde, tí Ọlá Balógun darí, fíìmù tí Yorùbá fi èdè ara wa ṣe. Orlando ṣì wà láyé, ní Èkó. Àádọ́ta ọdún ti kọjá tó ti dúró lẹ́yìn èrò nínú fíìmù tí kò lóhùn. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ló kú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó má bẹ̀rẹ̀ láti Sanders of the River. Yóò bínú, yóò sì pa á tì. The Hasty Heart ni kó kọ́kọ́ wá, kó sì máa wo ẹ̀gbẹ́ àwòrán nígbà tí àwọn yòókù bá ń sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni Orlando máa ń wà. Lẹ́yìn náà kó wo Men of Two Worlds. Ẹni tó bá sì ní Kongi's Harvest nílé, yálà ní kásẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fọ́nrán àtijọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.